Òrùka Ńlá àti Ẹni tí Ó San Owó Rẹ̀

Oríṣìíríṣìí ni ohun tí ojú ọmọ ènìyàn máa ń fẹ́. Ojú ẹlòmíràn a máa fẹ́ aṣọ, ti ẹlòmíràn a máa fẹ́ bàtà, ẹlòmíràn ẹ̀wẹ̀ kò sì rí ohun tí ó wuyì ju ọkọ̀ lọ. Ní tèmi, òrùka ni. Kì í sì í ṣe òrùka kékeré tí ó sá pamọ́ sí ìdí ìka, bí kò ṣe òrùka ńlá olókùúta dáyámọ́ńdì, irú èyí tí oòrùn a máa bá ṣeré bí ẹni tí ó wọ̀ ọ́ bá na ọwọ́. Mo mọ̀ pé àwọn tí mo kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ yóò rẹ́rìn-ín bí wọ́n bá gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ọ̀gá tí wọ́n mọ̀ kò wọ ohun kan sí ọwọ́ ju aago lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò gba ọmọ ẹlòmíràn ní ìmọ̀ràn, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ jẹ́wọ́ tirẹ̀.

Iléṣà ni a ti bí mi. Nígbà tí mo wà ní ọmọdé, baba kan wà ní àdúgbò wa tí ó ti ṣe òwò òṣómàálò títí ó fi di olówó. Ẹ̀yin ọmọ Ìjẹ̀ṣà mọ ìtàn àwọn òṣómàálò: àwọn ni wọ́n ń ru aṣọ láti ìlú dé ìlú, tí wọ́n ń tà á ní àwìn, tí wọ́n sì ń lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè títí owó wọn yóò fi pé. Ní ọjọ́ ìsinmi, bí baba yìí bá na ọwọ́ láti fi ọrẹ sínú àwo ní ṣọ́ọ̀ṣì, òkúta kan a kọ mànà ní ìka rẹ̀, èmi a sì gbàgbé ìwàásù. Láti ìgbà náà ni mo ti mọ irú èyí tí mo fẹ́: kí òkúta náà jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, kí ó tóbi, kí ó má ṣe ní wẹ́wẹ́ mìíràn ní ẹ̀gbẹ́, kí ó sì jẹ́ wúrà pupa ni yóò gbá a mú.

Ǹjẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ènìyàn fẹ́ ohun tí ó dára? Rárá o. Àwọn baba ńlá wa kò kórìíra ọ̀ṣọ́. Wọ́n mọ iyì iyùn, wọ́n sì mọ iyì sẹ̀gi. Ní Òṣogbo, títí di òní olónìí, àwọn olùsìn Ọ̀ṣun a máa wọ ẹ̀gbà idẹ sí ọrùn ọwọ́. Dáyámọ́ńdì nìkan ni àlejò láàrin wọn. Nínú ìdána ilẹ̀ wa, obì, orógbó, ataare, oyin àti iyọ̀ ni à ń gbé kalẹ̀. Ìgbéyàwó ṣọ́ọ̀ṣì àti ti kóòtù ni ó mú òrùka wá, tí a fi ń pe obìnrin tí a bá gbé bẹ́ẹ̀ ní ìyàwó olórùka. Pé kí òrùka náà sì ní dáyámọ́ńdì, àwọn oníṣòwò ni wọ́n fi èyí sí ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ní nǹkan bí ọdún 1947, ilé-iṣẹ́ De Beers bẹ̀rẹ̀ sí í polówó fún àwọn ará Amẹ́ríkà pé ohun tí yóò wà títí láé ni dáyámọ́ńdì. Ìpolówó náà rìn jìnnà, ó sì dé ọ̀dọ̀ tíṣà kékeré kan ní Òṣogbo.

Kí n tó sọ ti tíṣà náà, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí dáyámọ́ńdì jẹ́. Ohun tí ó pọ̀ jù nínú èédú, òun kan náà ni dáyámọ́ńdì. Ooru àti agbára ńlá tí ó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ní ikùn ilẹ̀ ni ó sọ ọ́ di òkúta tí ó le jù nínú gbogbo òkúta tí a ń wà nínú ilẹ̀. Káráàtì ni a fi ń wọ̀n ọ́n, káráàtì márùn-ún sì ni gíráàmù kan. Nítorí náà, èyí tí ó bá wọn káráàtì kan, ohun kékeré ni lójú, ohun ńlá ni lápò. Ní ọdún 1905, a rí ọ̀kan ní Gúúsù Áfíríkà tí a sọ ní Cullinan. 3,106 káráàtì ni, ó ju ìdajì kílò lọ. Ní ọdún 1972, a rí òmíràn ní Sierra Leone, ilẹ̀ tí àwọn baba wa ń pè ní Sàró. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 969 káráàtì. Ọwọ́ ọmọ ènìyàn kan kò lè fi irú àwọn wọ̀nyí ṣe òrùka, àfi bí a bá gé wọn sí wẹ́wẹ́.

Ní ọdún 1986 ni mo fẹ́ gbé ìyàwó. Òṣogbo ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ tíṣà, ọmọ Òṣogbo sì ni àfẹ́sọ́nà mi. Aláró ni ìyá rẹ̀, òun náà sì mọ iṣẹ́ aró bí ẹni mọ orúkọ ara rẹ̀. Ní àkókò yìí kan náà, àbúrò mi ọkùnrin yege nínú ìdánwò àtiwọ ilé ẹ̀kọ́ gíga kan. Bàbá wa ti kú. Ìyá wa ta kòkó rẹ̀, ó di owó náà sínú aṣọ, ó sì gbé e lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Ìwọ ni bàbá rẹ̀ báyìí. Bí ìwé wọn bá ti dé, kí o san án fún un."

Ìwé náà kò tíì dé nígbà tí mo rí òrùka. Ọ̀dọ̀ oníṣòwò wúrà kan ni mo ti rí i. Òkúta orí rẹ̀ kò tóbi ju hóró ọkà bàbà lọ, ṣùgbọ́n lójú mi, ó tó ti baba òṣómàálò nì. Owó àjọ tí mo ti dá fún ọdún kan kò tó o. Mo tú aṣọ ìyá mi. Mo sọ fún ara mi pé kí ìwé àbúrò mi tó dé, n ó ti dá owó náà padà, ẹnikẹ́ni kò sì ní í mọ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀nà ìparun ni ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú gbólóhùn yìí: ẹnikẹ́ni kò ní í mọ̀.

Ọdún náà ni ìjọba gbé ètò àtúntò ọrọ̀ ajé kalẹ̀, èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní SAP. Iye náírà já wálẹ̀, ọjà sì gbówó lórí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìgbéyàwó wa ni ìwé àbúrò mi dé, ọ̀sẹ̀ méjì péré ni wọ́n sì fún un láti fi san owó. Mo wá a kiri, n kò rí i yá. Mo parọ́ fún ọmọ ìyá mi pé ìdíwọ́ bá owó náà ní báńkì. Ó gbà mí gbọ́. Ọjọ́ pé, ọjọ́ kọjá, wọ́n sì fi àyè rẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Òrùka náà ńkọ́? Kò fún ìyàwó mi ní ìsinmi. Ní òwúrọ̀, kí ó tó ti ọwọ́ bọ inú ìkòkò aró, yóò bọ́ ọ, yóò so ó mọ́ etí ìró. Bí ó bá gbàgbé tí ó wọ̀ ọ́ ṣe iṣẹ́, òkúta náà a máa kọ́ òwú aṣọ, a sì fa àdìrẹ oníbàárà ya. Ní òru, abẹ́ ìrọ̀rí ni ó ń fi í sí nítorí olè. Nígbà kan tí ó sọnù, odidi ọjọ́ kan ni a fi ku eérú ìdí ààrò kí a tó rí i.

Ní ọjọ́ kan, àbúrò mi wá dágbére fún wa. Ó ní òun ń lọ sí òkè Ọya láti bá ìbátan wa kan ta aṣọ. Èmi kò sí nílé nígbà tí ó dé. Ẹnu rẹ̀ ni ìyàwó mi ti gbọ́ nípa owó kòkó. Ní alẹ́, nígbà tí a jẹun tán, ó gbé òrùka náà sí orí tábìlì.

Ó ní, "Tíṣà, ta ni ó san owó òrùka yìí?"

Mo ní, "Èmi ni."

Ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí mi. Mo ní, ta ni ó san án?"

N kò lè dáhùn. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní, "Ó ti wúwo jù fún ìka mi. Ẹ bá mi dá a padà."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ ẹni tí ó tà á fún mi. Ó wò ó, ó wọ̀n ọ́n, ó sì pè é ní iye tí kò tó ìdajì ohun tí mo san. Ó ní òrùka tí ó bá ti jáde kúrò nínú àpótí òun ti di ògbólógbòó. Báyìí ni mo ṣe mọ̀ pé ohun tí a ní yóò wà títí láé, iye rẹ̀ lè má pẹ́ tó oṣù mẹ́ta. Mo fi owó náà ránṣẹ́ sí àbúrò mi. Ó ti pẹ́ jù fún ẹ̀kọ́. Òwò aṣọ ni ó fi í ṣe. Mo lọ sí Iléṣà, mo dọ̀bálẹ̀ fún ìyá mi, mo sì jẹ́wọ́. Kò bá mi jà. Ó kàn jẹ́ pé láti ọjọ́ náà títí ó fi jáde láyé, kò tún kó owó lé mi lọ́wọ́ mọ́.

Láti ìgbà náà, bí mo bá rí òkúta ńlá ní ọwọ́ ènìyàn, ojú mi a fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n ọkàn mi a béèrè ìbéèrè ìyàwó mi: ta ni ó san owó rẹ̀? Nígbà ogun Sierra Leone, láti ọdún 1991 títí di ọdún 2002, àwọn ọlọ̀tẹ̀ ń ta dáyámọ́ńdì láti fi ra ìbọn, wọ́n sì ń gé ọwọ́ àwọn ará ìlú tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ẹ rò ó wò, ẹ̀yin ọmọ: a gé ọwọ́ ẹnìkan ní ibì kan, kí ọwọ́ ẹlòmíràn lè dán ní ibòmíràn. Nítorí èyí ni àwọn orílẹ̀-èdè fi bẹ̀rẹ̀ ètò Kimberley Process ní ọdún 2003, láti dènà títa irú òkúta bẹ́ẹ̀.

Kí a má sì rò pé òkèèrè nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí wà. Wúrà tí ó ń gbá òkúta mú wà nínú ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ní Ìtàgùnmódì, ní Ìpẹ́rìndó àti ní agbègbè wọn. Láti ọdún 2021 ni ilé-iṣẹ́ ńlá kan ti ń wa wúrà ní ibi tí a ń pè ní Sẹ̀gilọlá, lábẹ́ ìwé àṣẹ ìjọba. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí wọ́n ń gbẹ́ bèbè odò láìgba àṣẹ, tí wọ́n ń da ẹrẹ̀ sínú omi. Omi wọ̀nyí ń ṣàn lọ bá Ọ̀ṣun. Odò tí ó gba inú igbó mímọ́ Òṣogbo kọjá, igbó tí àjọ UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ohun ìní gbogbo ayé ní ọdún 2005, wá pọ́n bí omi ẹrẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba fi kìlọ̀ ní ọdún 2022, ní àsìkò ọdún Ọ̀ṣun, pé kí ẹnikẹ́ni má mu ún. Ẹni tí ó wọ wúrà náà lè wà ní ọ̀nà jíjìn, ṣùgbọ́n ará Òṣogbo tí kò rí omi mímọ́ bù ti bá a dá nínú owó rẹ̀.

Ó ku ìtàn kan. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, àbúrò mi wá sí ilé. Ó ti di ọlọ́jà ńlá. Bí ó ti na ọwọ́ láti gba omi, mo rí òrùka kan ní ìka rẹ̀: òkúta ẹyọ kan, ó tóbi, wúrà pupa sì gbá a mú. Ó rí i pé ojú mi kò kúrò níbẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó bọ́ ọ, ó sì gbé e fún mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wọ̀ ọ́ wò. Ọmọ mẹ́rin ni mo rán jáde ilé ẹ̀kọ́ gíga kí n tó rà á. Èmi òṣómàálò kò lè wọ ohun tí n kò tíì san owó rẹ̀ tán." Kò fi ọ̀rọ̀ náà bú mi, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ bí ẹni gbọ́ ìdájọ́. Mo gbìyànjú láti wọ òrùka náà. Kò kọjá oríkèé ìka mi. Mo dá a padà fún un, inú mi sì dùn sí i gidigidi, nítorí ó yẹ ọwọ́ rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ń ka ìwé yìí, n kò sọ pé kí ẹ má fẹ́ ohun dídán. Ọjọ́ ń bọ̀ tí ojú yín yóò fẹ́ nǹkan, ìbáà ṣe òrùka, ìbáà ṣe ọkọ̀, ìbáà ṣe fóònù olówó ńlá. Àwọn àgbà ní, "Ṣe bí o ti mọ, ẹlẹ́wà Ṣàpọ́n." Wọ́n sì tún ní àgbà tí ó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Kí ẹ tó na ọwọ́ gba ohun tí ó wù yín, ẹ wo ẹ̀yìn, kí ẹ sì béèrè bóyá ìyá yín, àbúrò yín, tàbí ẹni tí ẹ kò tilẹ̀ mọ̀ rí, kọ́ ni yóò san án.

Ìyàwó mi wọ òrùka títí di òní. Alágbẹ̀dẹ wúrà kan ní Iléṣà ni ó bá wa rọ ọ́ lẹ́yìn ọdún méje, nígbà tí owó tiwa pé. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, kò ní òkúta, kì í sì í bọ́ ọ bí ó bá fẹ́ ti ọwọ́ bọ aró. Bí ẹ bá wò ó dáadáa, ẹ ó rí àwọ̀ aró ní ìka rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ wúrà náà. Èmi tí mo fẹ́ràn òkúta ńlá, n kò tíì rí òrùka tí ó wù mí jù ú lọ.