Orúkọ Wa Lẹ́nu Àwọn Ọmọ Tottenham

Lọ́dún 2003, kò sí ẹni tó gbọ́ ohun tí Dizzee Rascal ń sọ ní Ìfọ́n wa níbí. Ẹ̀gbọ́n wa kan ló gbé síìdì náà dé láti Lọ́ńdọ̀nù, Boy in da Corner, èyí tó gba ẹ̀bùn Mercury lọ́dún yẹn. Ìlù ibẹ̀ ń sáré bíi 140 láàárín ìṣẹ́jú kan, ọ̀rọ̀ sì ń sáré jù ú lọ. Àwa tí etí wa mọ ìlù ìgbìn Òrìṣà Olúfọ́n, tí Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun, ìlú àwọn àyàn, kò sì jìnnà sí wa, à kàn ń wojú ara wa ni. Irú ìlù wo lèyí tí kì í pe orúkọ ẹnikẹ́ni?

Grime ni wọ́n ń pè é. Àárín àwọn ilé gogoro ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù ló ti jáde, lórí rédíò tí kò gbàṣẹ lọ́wọ́ ìjọba. Àṣé ọmọ ilé wa pọ̀ nínú wọn! Ọmọ Nàìjíríà ni bàbá Dizzee, ọmọ Gánà ni ìyá rẹ̀. Skepta àti JME, ọmọ Adénúgà ni wọ́n, ní Tottenham. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ jẹ́ Adénúgà nígbà yẹn? Èébú ni kí wọ́n pe ọmọ ní ará Áfíríkà nílé-ìwé wọn. Ẹ̀gbọ́n wa yìí gan-an, Dee ló ń jẹ́ lọ́hùn-ún. (Ní Ìfọ́n ńkọ́? Ẹni tó bá ń fimú sọ̀rọ̀ ni wọ́n ń pè ní ọ̀làjú.)

Nǹkan wá ń yí padà. Lọ́dún 2012, "Oliver Twist" D'banj dé ipò kẹsàn-án lórí àtẹ orin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí Skepta gba Mercury ní 2016, bàbá àti ìyá rẹ̀ bá a dórí ìtàgé. Ní tiwa o, ìyẹn ju ẹ̀bùn náà lọ.

Ìgbà tí wọ́n wá ń béèrè ilé ni ilé ń ṣófo. Ọmọ ẹ̀gbọ́n wa, tó ń ṣe orin ní Peckham, bẹ̀ wá lórí WhatsApp pé ká fi oríkì ìdílé ránṣẹ́, òun fẹ́ fi sórin. Ìyá àgbà tó mọ̀ ọ́n tán ti lọ. A pe ìyàwó ilé kan tó ti dàgbà, ó kì í dé ìdajì, ó dákẹ́. Ó ní, "Ìyókù ti bọ́ lórí mi, ẹ̀yin ọmọ." A bẹ òmíràn, òun náà mú ìwọ̀nba tirẹ̀ wá. A tò ó pọ̀, kò kún. Ìṣẹ́jú méjì péré la rí fi ránṣẹ́.

Ó ti fi orin náà ránṣẹ́ sí wa. Ìlù tó ń sáré yẹn náà ló fi sábẹ́ ohùn wọn. Níbi tí ìyá ti dákẹ́, kò gé e kúrò. Ó jẹ́ kí ìlù máa lọ.