Orúkọ Mẹ́ta nínú Ẹ̀wù Kan

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ àwọn tí ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ láìpẹ́ tí wọ́n gbà á, ohun tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé àwọn ọ̀dọ́ ìsinsìnyí kò ní sùúrù. Mo ti gbọ́ ọ nínú ọgbà yunifásítì wa yìí, mo sì gbọ́ ọ ní Igbókọ̀dá, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìlàjẹ, níbi tí mo ti ṣe akọ̀wé fún iléeṣẹ́ aládàáni kan tí ń fi ẹ̀ṣọ́ ránṣẹ́ sí ẹni tó bá fẹ́. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí níbẹ̀, nítorí n kò gbà pé ọ̀rọ̀ sùúrù ni.

Ọdún 2022 ni. Láti ọjọ́ 14 oṣù kejì títí di ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ni àwọn olùkọ́ wa fi yan iṣẹ́ lódì, ojú a sì máa ti ọmọ ọkùnrin láti jókòó sílé bàbá rẹ̀ fún oṣù mẹ́jọ gbáko. Iṣẹ́ tí mo rí kò le: kí n kọ orúkọ ẹni tó wọṣẹ́, kí n fa ìlà pupa sórí orúkọ ẹni tó lọ. Orúkọ 40 ni mo bá nínú ìwé. Kí n tó padà sílé ẹ̀kọ́, mo ti fa ìlà pupa sórí 23 nínú wọn. Nígbà mìíràn a kì í tilẹ̀ mọ̀ pé ẹnì kan ti lọ, àfi bí oníbàárà bá pè wá pé òun kò rí ènìyàn lẹ́nu ọ̀nà òun láti àná.

Ẹ kọ́kọ́ wo bí owó ti ń rìn. Oníbàárà ń san iye kan lórí ẹ̀ṣọ́ kọ̀ọ̀kan. Iléeṣẹ́ a mú tirẹ̀, ìyókù a kan ẹ̀ṣọ́. Òfin 2019 ní owó oṣù kò gbọdọ̀ dín ní ₦30,000. ₦22,000 ni àwa ń san, a ó sì tún gé owó aṣọ kúrò nínú rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Wákàtí 12 ni wọ́n ń dúró. Ẹni tí a bá gbé lọ sí etí òkun, ní ọ̀nà Ayétòrò tàbí Àwòyè, ọkọ̀ ojú omi ni yóò wọ̀ lọ, tí yóò wọ̀ bọ̀. Ọ̀kan nínú wọn ṣe ìṣirò rẹ̀ níwájú mi: bí ó bá yọ owó ọkọ̀ àti oúnjẹ kúrò, ohun tó kù kò tó ìdajì àpò ìrẹsì.

Ní ọjọ́ kan wọ́n dá ẹ̀wù ẹ̀ṣọ́ kan padà sí ọ́fíìsì. Mo yí ọrùn rẹ̀ síta, mo rí orúkọ mẹ́ta tí wọ́n fi bírò kọ síbẹ̀, èkejì ti fa igi lé ti èkíní, ẹ̀kẹta ti fa igi lé ti èkejì. Ọmọkùnrin kúkurú kan ni a tún gbé e wọ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì wọnú apá ẹ̀wù lọ pátápátá. Mo pe ọ̀gá wa sí i. Ó ní, “Ẹ̀wù ni oníbàárà ń wò.” Kì í ṣe ìkà ènìyàn o, àwọn oníbàárà mìíràn jẹ òun náà lówó oṣù mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi, nítorí kì í ṣe òótọ́.

Kí ni ẹ̀ṣọ́ fi ń ṣọ́ nǹkan? Òfin 1986 tó de àwọn iléeṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ aládàáni kò fi àyè gbà wọ́n láti gbé ìbọn. Tọ́ọ̀ṣì, fèrè àti kóńdó ni tiwọn. Ohun ìjà kan ṣoṣo tó kù ni ohun tí ènìyàn mọ̀, èyí kì í sì í bá ẹ̀wù lọ sọ́rùn ẹlòmíràn.

A ní bàbá kan tí ń ṣọ́ èbúté níbi tí àwọn apẹja ń so ọkọ̀ wọn mọ́. Bàbá yìí mọ ohùn ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí èyí tí kò mọ̀ bá ń bọ̀ lóru, kò ní dúró dìgbà tí yóò gúnlẹ̀ kí ó tó fọn fèrè. Ó mọ ìgbà tí omi ń kún àti ìgbà tí ó ń fà, nítorí náà ó mọ wákàtí tí olè lè gbé ẹ́ńjìnnì gba ojú omi tóóró náà kọjá àti wákàtí tí kò lè gbà á. Wákàtí tí kò lè gbà á ni bàbá ń sùn. (Wọ́n ti gé owó rẹ̀ rí nítorí oorun yìí!) Nígbà tí ẹ̀ṣọ́ kan lọ ní ilé epo kan ní Ọ̀rẹ̀, wọ́n gbé bàbá lọ síbẹ̀ láti dí àyè, níbi tí ohun tó mọ̀ kò ti wúlò fún ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ mẹ́ta ni ó lò.

Ọmọkùnrin tó rọ́pò rẹ̀ ní èbúté lágbára, kì í sùn, òkè ni ó ti wá, kò sì mọ̀ wẹ̀. Àjòjì lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Kí oṣù tó pé, ẹ́ńjìnnì méjì ti lọ. Àwọn obìnrin tí ń yan ẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ rí àwọn tó gbé e, ẹnìkan nínú wọn kò sì bá a sọ nǹkan kan. Èyí náà ní ìtàn lẹ́yìn. Ní oṣù karùn-ún 1998, àwọn ọ̀dọ́ Ìlàjẹ wọ orí pèpéle epo Chevron tí à ń pè ní Parabe láti fi ẹ̀dùn ọkàn wọn hàn. Àwọn ológun fi hẹlikópítà dé bá wọn, ọ̀dọ́ méjì sì kú. Ẹjọ́ náà dé San Francisco, àwọn tó gbọ́ ọ níbẹ̀ sì sọ ní 2008 pé Chevron kò jẹ̀bi. Ní etí omi yìí, aṣọ ẹ̀ṣọ́ lọ́rùn àlejò kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń rẹ́rìn-ín sí. Ó ń gba oṣù púpọ̀ kí wọ́n tó mọ̀ ọ́ débi tí wọn yóò fi bá ọ sọ̀rọ̀, ẹ̀ṣọ́ wa kì í sì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn ọmọ ìbílẹ̀ ńkọ́? Wọ́n ń lọ nígbà tí edé àti sawá bá pọ̀ lójú omi, ọ̀gá wa a sì máa pè é ní ọ̀dàlẹ̀. Mo bi í pé ṣé kò ṣe é ṣe kí ẹni méjì pín ipò kan, kí ọ̀kan máa ṣọ́ èbúté fún ọ̀sẹ̀ méjì nígbà tí èkejì bá wà nídìí àwọ̀n. Ó ní orúkọ kan ni oníbàárà ń sanwó lé. Mo rántí Ayétòrò, tí wọ́n tẹ̀ dó ní 1947. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sí ẹni tó ń gba owó oṣù níbẹ̀, síbẹ̀ àwọn tó ń kan ọkọ̀ ń kàn án, nítorí ìlú ni ó ń bọ́ wọn, ìlú náà ni ó sì ni ọkọ̀. (Ẹ má sọ fún àwọn ọ̀gá pé mo ní kí wọ́n má sanwó o.)

Mo tún dé èbúté náà ní ìparí 2024, lẹ́yìn tí òfin ti sọ owó oṣù tó kéré jù di ₦70,000 ní oṣù keje ọdún yẹn. Pátákó iléeṣẹ́ wa ṣì ń wá òṣìṣẹ́. Bàbá ni mo bá lórí àga ní èbúté, kò wọ ẹ̀wù ẹnikẹ́ni. Àwọn ọlọ́kọ̀ fúnra wọn ló ń dá owó fún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, wọ́n sì ń fi ẹja lé e. Mo dọ̀bálẹ̀. Ó ní, “Dìde, ọmọ mi, bá mi sún àga yẹn sẹ́yìn, ọkọ̀ ńlá kan ń bọ̀, omi rẹ̀ yóò ta dé ibí.” Mo wo ojú omi títí, n kò tíì rí nǹkan kan.