Bébà Àárín Àwo

*

Mo bẹ Ìyá Ìlọrin tó ń ta àkàrà ládùúgbò wa ní Danmagaji, ní Zaria, pé kó bá mi béèrè lọ́wọ́ àwọn oníbàárà rẹ̀ bóyá ẹnìkan ní àwo àtijọ́ nílé. Lọ́jọ́ kejì, ó gbé àwo ìjẹun tánganran méjì wá, ọ̀kan ti ṣẹ́ létí. "Bọ̀dá, ohun tí mo rí nìyí o." Ó rẹ̀ mí láti ṣàlàyé. Mo sanwó.

*

Ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ rédíò kan ní Sábon Gàrí ni mo ti rí ojúlówó: àwo orin Haruna Ìṣọ̀lá, olórin àpàlà, eruku bò ó bí ẹni pé ọyẹ́ ọdún márùn-ún ló fẹ́ lé e lórí. Mo fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Ibi tí mo ti ń fọ̀ ọ́ ni bébà roboto àárín rẹ̀ ti bá omi lọ. Orúkọ ilé-iṣẹ́, nọ́ńbà, àkọlé, gbogbo rẹ̀ di jáúrújáúrú nínú ike. Ẹ̀rí wo ló kù pé Haruna ló ni ín? Ó dárúkọ ara rẹ̀ nínú orin. Àwọn alápàlà mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

*

Nínú àwọn tó kọ́kọ́ gbé orin Yorùbá wọ inú àwo ni Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti, ọmọ Ẹ̀gbá, baba tó bí baba Fẹlá. Ọdún 1855 ni wọ́n bí i. Láàárín àwọn ọdún 1920, nígbà tó ti di àgbàlagbà, ó kọ orin ìsìn tó lé ní ogójì fún ilé-iṣẹ́ Zonophone ní Lọ́ńdọ̀nù. Ohùn orin òyìnbó a máa yí ọ̀rọ̀ wa po: ẹ fẹ́ pe ọkọ́, ohùn á sọ ọ́ di ọkọ̀. Orin tí Ransome-Kuti ń ṣe ń tẹ̀lé ohùn ilé, ìdí nìyẹn tí ìjọ fi ń gbọ́ ohun tí ẹnu wọn ń sọ.

*

Àwo ìgbà náà máa ń yí lẹ́ẹ̀méjìdínlọ́gọ́rin ní ìṣẹ́jú kan, ojú kan rẹ̀ kì í sì í gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Ìṣẹ́jú mẹ́ta! Yorùbá kì í kí ara wọn tán láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ìgbà tí àwo ńlá, ìyẹn LP, dé ni oríkì tó ráyè na ẹsẹ̀.

*

Ilé-iṣẹ́ Gramophone Company, àwọn alájá tó jókòó síwájú fèrè, ló ra Zonophone ní 1903. Àwọn akọrin ọ́pẹ́rà ńlá bíi Caruso wà lábẹ́ bébà pupa HMV, àmì ilé-iṣẹ́ náà. Àwọn àwo tí owó wọn fúyẹ́ wà lábẹ́ Zonophone. Ẹ̀gbẹ́ olówó-pọ́ọ́kú yẹn ni wọ́n kó wa sí. Bébà náà mọ ẹni tó ń fi sípò ọlá.

*

Nígbà tó yá, Zonophone ṣe ọ̀wọ́ kan tí wọ́n ń pè ní EZ fún Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Domingo Justus fi gìtá kọ ti Yorùbá. Ní 1928, Jacob Sam àti Kumasi Trio rẹ̀ kọ "Yaa Amponsah" ní Lọ́ńdọ̀nù, èyí tí àwọn oní-háíláìfù kò tíì jáwọ́ nínú rẹ̀ títí dòní. Mo sọ fún oníṣẹ́ rédíò pé Haúsá wà nínú ọ̀wọ́ náà. Ó gbójú sókè lórí iná ìjórin rẹ̀: "Ẹni tó kọ ọ́, ọmọ Zazzau ni? Tí kì í bá ṣe ọmọ Zazzau, Haúsá rẹ̀ ò lè dùn."

*

Oje tí kòkòrò kan ń pọ̀ sára ẹ̀ka igi ní Íńdíà ni wọ́n fi ń ṣe àwo àtijọ́ wọ̀nyẹn. Ó bọ́ lọ́wọ́, ó parí. Ní Wúsásà tí kò jìnnà sí wa, ṣọ́ọ̀ṣì St Bartholomew tí àwọn míṣọ́nnárì CMS fi amọ̀ kọ́ ní 1929 ṣì dúró. Abẹ́ CMS kan náà ni Ransome-Kuti ti ṣiṣẹ́ ní Abẹ́òkúta. Amọ̀ tí òjò ń pa lọ́dọọdún dúró, àwo tí wọ́n ń tọ́jú sínú àpótí fọ́.

*

Ní 1931, Gramophone Company àti Columbia para pọ̀ di EMI, orúkọ Zonophone sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ òòji. Àwọn àwo EZ sùn sí àká wọn ní Hayes, lẹ́bàá Lọ́ńdọ̀nù. Ní 2008 ni ilé-iṣẹ́ Honest Jon's kó díẹ̀ nínú wọn jáde sínú síídì, "Living Is Hard". Ohùn àwọn baba wa wà lẹ́yìn kọ́kọ́rọ́ fún nǹkan bí ọgọ́rin ọdún, kọ́kọ́rọ́ náà kò sì sí lọ́wọ́ ọmọ kankan.

*

Ní 1969, Haruna Ìṣọ̀lá àti I. K. Dáíró dá Star Records sílẹ̀: ilé-iṣẹ́ àwo tó jẹ́ ti àwọn olórin fúnra wọn. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, Haruna gbé Phonodisk kalẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ẹni tó ti ń pe orúkọ ara rẹ̀ nínú orin láti ọjọ́ pípẹ́ wá tẹ̀ ẹ́ sórí bébà.

*

Mo gé bébà tuntun roboto láti lẹ̀ mọ́ àárín àwo mi. Mo bi oníṣẹ́ rédíò léèrè ohun tí mo lè kọ sí i. Ó ní, "Kọ orúkọ tìrẹ, kí olè má bàa gbé e." Mo kọ Haruna Ìṣọ̀lá. Ibi tí orúkọ ilé-iṣẹ́ máa ń wà, mo fi í sílẹ̀ ní funfun.

*

Ìyá Ìlọrin ti gba ọ̀kan nínú àwọn àwo tánganran náà padà. Ó ní àkàrà òun kò ríbi jókòó.