Ta Ló Dí Síǹkì Wa?

Inú ilé ìdáná wa ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ ti ṣẹlẹ̀. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì báyìí, ṣùgbọ́n kò tíì kúrò lọ́kàn mi.

Lálẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, omi kọ̀, kò lọ mọ́ nínú síǹkì. Ọ̀rá pupa léfòó lójú omi, òórùn sì gba gbogbo ilé. Màmá mi ò tiẹ̀ bèèrè ẹjọ́, àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ni wọ́n pè. Lọ́dún tó kọjá, ó ju ìdérí ìgò sínú ihò síǹkì. Látìgbà náà, ohunkóhun tó bá bàjẹ́ nílé, òun ni wọ́n ń dì í rù. Ó sunkún, ó ní òun kọ́. Mo wà níbẹ̀, mi ò sọ nǹkan kan.

Púlọ́ńbà tí wọ́n pè ní ₦8,000 lòun máa gbà. Màmá mi ní ó di ìparí oṣù. Inú bàsíà la wá ń fọ abọ́, wọ́n sì ní àbúrò mi ni kó máa fi garawa gbé omi ìdọ̀tí náà lọ dà sí ẹ̀yìnkùlé.

Lọ́jọ́ kẹta, bí mo ṣe rí i tó ń wọ́ garawa lọ, àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo lọ bá bọ̀dá tó ń gbé lókè wa, tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ páìpù rí. Wọ́n ní, "Má da sódà sí i o, ó lè bó ẹ lọ́wọ́, ó sì lè fọ́ ẹ lójú. Wo abẹ́ síǹkì, wàá rí páìpù tó tẹ̀ bíi lẹ́tà U. Ibẹ̀ ni kó o tú." Mo ní ṣé kò ní dáa jù kó tọ́ gbọọrọ ni? Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní omi díẹ̀ tó ń dúró síbi tó tẹ̀ yẹn ni kì í jẹ́ kí òórùn kòtò ìdọ̀tí wọlé.

Mo gbé garawa sábẹ́ ẹ̀, mo fọwọ́ yí nọ́ọ̀tì oníke méjèèjì. Omi dúdú tú jáde gbàà! Mo wá ìdérí ìgò tì. Ìrẹsì ni mo rí, ẹ̀bà, èèpo ẹ̀wà, àti ọ̀rá tó ti dì bí ọṣẹ.

Ẹ gbọ́ o, ta ló ń fọ abọ́ nílé wa? Èmi ni. Kí n lè tètè lọ tẹ fóònù, mi ò kó àjẹkù sínú láílọ́ọ̀nù pàǹtí mọ́. Síǹkì ni mò ń dà á sí, màá wá fi omi tútù lé e. Omi tútù yẹn ló ń mú kí ọ̀rá dì, tí oúnjẹ fi ń lẹ̀ mọ́ ọn.

Mo fi wáyà ha inú páìpù náà, mo fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ̀ ọ́, mo dá a padà. Ó kọ́kọ́ ń jò, àṣé mi ò to rọ́bà inú nọ́ọ̀tì dáadáa. Mo tún un tò. Omi lọ geere.

Nígbà tí màmá mi dé, wọ́n ní, "Ọmọ mi, o káre!" Ó dùn mọ́ mi. Ǹ bá dákẹ́, kí n gba oríyìn náà. Ṣùgbọ́n àbúrò mi dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ má bínú, mà. Èmi ni mo dí i."

Màmá mi dákẹ́ fúngbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n fa àbúrò mi mọ́ra, wọ́n ní, "Jọ̀ọ́, má bínú sí mi." Mi ò gbọ́ irú ẹ̀ lẹ́nu wọn rí.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kó àjẹkù kúrò nínú abọ́, kẹ́ ẹ sì fi bébà nu epo rẹ̀ kẹ́ ẹ tó fọ̀ ọ́. Bó bá sì jẹ́ ẹ̀yin lẹ dí i, ẹ má jẹ́ kí ẹlòmíì máa ru omi yín.

Ní ti àbúrò mi, kò sọ̀rọ̀ kankan. Ó gbé garawa omi dúdú náà lé mi lọ́wọ́, ó bá eré rẹ̀ lọ.