Káàdì Ike Kì Í Gba Àtúnṣe

Ẹ̀rọ mẹ́ta ló ń ṣe káàdì ike ní ṣọ́ọ̀bù atẹ̀wé kékeré: èyí tó ń tẹ̀ ẹ́, èyí tó ń fi ooru lẹ̀ ẹ́ pọ̀, àti èyí tó ń gé e. Ní ìlú bí Ayétòrò-Èkìtì, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìdó-Òsì, tábìlì gígùn kan lè gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí kọ̀ǹpútà alágbèéká sì rí igun kan jókòó sí. Jẹnẹrétọ̀ wà lẹ́yìnkùlé, nítorí bí NEPA bá mú iná nígbà tí ooru ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ike inú ẹ̀rọ lè bàjẹ́ pátápátá.

Ilé ìwé aládàáni, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ẹgbẹ́ ọlọ́kadà àti ìjọ ló sábà ń gbé iṣẹ́ wá. Ẹni tí òógùn ti ń jẹ sílípù nọ́ńbà ìdánimọ̀ orílẹ̀-èdè (NIN) rẹ̀ nínú àpò náà ń bọ̀ lẹ́yìn wọn. Ṣọ́ọ̀bù tí kò ní ẹ̀rọ yóò gbé iṣẹ́ náà lọ sí Adó-Èkìtì, tàbí kó fi ránṣẹ́ sí Ṣómólú l'Ékòó, níbi tí àwọn atẹ̀wé pọ̀ sí. Ṣùgbọ́n ta ni yóò tìtorí káàdì ọmọ ilé ìwé kan ṣoṣo tó sọnù ránṣẹ́ dé Èkó? Ìdí nìyí tí atẹ̀wé ìlú kékeré fi ń ra ẹ̀rọ tirẹ̀.

Ìwọ̀n káàdì náà kò sí lọ́wọ́ atẹ̀wé. Ìlànà àgbáyé tí wọ́n ń pè ní ISO/IEC 7810 ti là á sílẹ̀: 85.60 mílímítà ní gígùn, 53.98 ní fífẹ̀, 0.76 ní nínípọn, ìwọ̀n káàdì ATM gan-an. Abala A4 kan gba mẹ́wàá: méjì ní ìbú, márùn-ún ní òró. Ike funfun tí wọ́n ń tẹ nǹkan sí ní ohun kan tí wọ́n fi pa ojú rẹ̀ kó lè mu tàdáwà. Lórí ike lásán, ìka kan ṣoṣo ló máa nu gbogbo rẹ̀ kúrò.

Iwájú káàdì wà lórí abala kan, ẹ̀yìn rẹ̀ wà lórí òmíràn. Bí wọ́n bá wá kẹ̀yìn abala méjèèjì síra, ọ̀tún ọ̀kan di òsì èkejì. Ẹni tí àwòrán rẹ̀ wà lápá ọ̀tún, apá òsì ni kí wọ́n tẹ ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ sí. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ojú Adé ni yóò máa gbé nọ́ńbà Bọ́lá kiri.

Kí ooru tó dé, wọ́n gbọ́dọ̀ pe oníbàárà.

“Ẹ wò ó dáadáa, Màmá. Ṣé báyìí lẹ ṣe ń kọ orúkọ yín?”

“Ọmọ mi, n kò mú awò wá. Kà á sí mi létí, ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan.”

Atẹ̀wé kà á tán. Màmá mi orí. “Yọ H yẹn kúrò.”

Lórí kọ̀ǹpútà, ìṣẹ́jú kan kò pé tí H fi lọ. Tí ike bá ti gbóná, káàdì mìíràn ni.

Ìpele mẹ́rin ni wọ́n ń tò: abala funfun méjì tó nípọn tó 0.3 mílímítà lọ́kọ̀ọ̀kan wà láàárín, awẹ́ ike tó mọ́ gaara, 0.08 mílímítà, wà lókè àti nísàlẹ̀. Àròpọ̀ wọn jẹ́ 0.76 géérégé. Wọ́n á fi irin gbígbóná tọ́ etí wọn kí wọ́n má baà yẹ̀, wọ́n á sì kó wọn sáàárín irin pẹlẹbẹ méjì tó ń dán. Ooru ẹ̀rọ náà ju ti omi híhó lọ. Òórùn ike á gba ṣọ́ọ̀bù kan. Bí ó bá ti lẹ̀, wọ́n á fi í sílẹ̀ lábẹ́ ìtẹ̀ títí yóò fi tutù. Ẹni tó bá kánjú yọ ọ́, etí ike rẹ̀ á ká bí ewé tí oòrùn pa.

Ọ̀bẹ kọ́kọ́ pín abala náà sí ọ̀já gbọọrọ, lẹ́yìn náà ni kọ́tà, ẹ̀rọ tó ń gé káàdì, gba iṣẹ́. Ọwọ́ kan ń ti ọ̀já wọlé, ọwọ́ kejì ń fa ọ̀pá irin wálẹ̀. Gbàì! Káàdì bọ́ sísàlẹ̀, igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti ṣe roboto. Bí ọ̀já bá yẹ̀ díẹ̀, ìlà funfun tín-ín-rín á yọjú létí kan. Nítorí èyí ni atẹ̀wé tó mọṣẹ́ fi ń jẹ́ kí àwọ̀ kọjá ààlà káàdì díẹ̀ látorí kọ̀ǹpútà.

Ike kò sọ sílípù NIN di káàdì tí ìjọba ṣe fúnra rẹ̀. Síbẹ̀, nọ́ńbà mọ́kànlá orí rẹ̀, àwòrán àti ọjọ́ ìbí ti kọjá lórí kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù. Òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 kò gbà kí a tọ́jú irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kọjá ìgbà tí a nílò rẹ̀. Kí oníbàárà tó kúrò nídìí tábìlì, ó yẹ kó rí i pé wọ́n pa fáìlì òun rẹ́. Bí káàdì bá bàjẹ́, a lè tẹ òmíràn. Nọ́ńbà ẹni tó ti bọ́ sọ́wọ́ gbájúẹ̀ kò ṣe é gbà padà.