Game Boy Bọ̀dá Mi

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ máa bá a. Tèmi ò tiẹ̀ tó ogún. Ọdún mẹ́tàlá ló lò.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Game Boy, ẹ mọ̀ pé ọdún 1989 ni Nintendo gbé e jáde. Bátìrì kékeré mẹ́rin ló ń lò. Ìyẹn la ṣe fẹ́ràn rẹ̀ nílé wa: iná lè lọ fún odidi ọ̀sẹ̀ kan, Tetris ò ní dúró. Tòkunbọ̀ ni Dádì rà fún Bọ̀dá mi nígbà tí wọ́n wọ sẹ́kọ́ńdìrì. Àmọ́ ẹnì kan ṣoṣo ló lè mú un dání, ẹni náà kì í sì í ṣe èmi.

Lọ́jọ́ kan tí Bọ̀dá lọ pọnmi, mo yọ ọ́ lábẹ́ ìrọ̀rí wọn. Ó já bọ́ lọ́wọ́ mi, ojú rẹ̀ fọ́. Mo rọra dá a padà. Nígbà tí Dádì bèèrè, mo ní Bọ̀dá ló jókòó lé e. Ẹ má bi mí ní iye ẹgba tí wọ́n jẹ.

Lọ́dún tó kọjá, mo rí i nínú àpótí. Mo ki bátìrì sí i: ojú ò ríran, ṣùgbọ́n orin Tetris ń dún. Àṣé ojú nìkan ló kú! Mo ní màá fi tẹlifíṣàn ṣe ojú fún un.

Wáyà márùn-ún ni mo fà níbi ojú tó fọ́. Méjì ń gbé àwọ̀, mẹ́rin péré sì ni gbogbo àwọ̀ tó ní. Mẹ́ta yòókù ń sọ ìgbà tí àmì, ìlà àti àwòrán tuntun bẹ̀rẹ̀. Mo fi sódà lẹ̀ wọ́n mọ́ Pico, bọ́ọ̀dù kékeré kan tó lè gbé àwòrán lọ sínú HDMI. Ti àkọ́kọ́ kú nítorí ìwàǹwára mi: fóltì 5 ni Game Boy ń fi ránṣẹ́, 3.3 ni Pico lè gbà. Mo ra òmíràn, mo fi ohun tó ń dín iná kù sáàárín wọn. Àmì 160 ní ìbú, 144 ní òró, mo sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta kó lè hàn gbàǹgbà. Mo fa wáyà bọ́tìnnì mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ sínú páàdì àtijọ́ kan, mo sì kan àpótí pákó fún un.

Ọjọ́ Kérésì ni mo tàn án. Bọ̀dá fò dìde: "Game Boy mi rèé!" Gbogbo ilé pé lé e lórí. Mo kúnlẹ̀.

"Dádì, Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, èmi ni mo fọ́ ọ."

Dádì ò fèsì. Bọ̀dá ò tiẹ̀ gbójú kúrò lára tẹlifíṣàn. "Mo mọ̀. Ìwọ nìkan lo mọ ibi tí mò ń fi pamọ́ sí. Gba páàdì, ó kàn ẹ́."

Bí mo ṣe gbà á, iná lọ. Tó bá jẹ́ ti àtijọ́ ni, ẹnì kan ì bá gbé e wọ yàrá lọ, kó máa gbádùn ara ẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó dìde. Nínú òkùnkùn, Dádì ní kí n tún ọ̀rọ̀ náà sọ láti ìbẹ̀rẹ̀.