Àwa Tí A Gbá Bọ́ọ̀lù Lórúkọ Ilé-Ìwé

Àwa tí a lọ ilé-ìwé girama ní Àpápá àti Ajégúnlẹ̀ ní nǹkan bí 1976 sí 1985, bọ́ọ̀lù oríṣi méjì la mọ̀. Àkọ́kọ́ ni ti àdúgbò: bọ́ọ̀lù félele lójú títì, òkúta méjì-méjì la fi ń ṣe póòsì, sẹ́ẹ̀tì tí wọ́n bá kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù wọlé fún á jáde, àwọn tó ń dúró á bọ́ síbẹ̀. Ìkejì ni ti ilé-ìwé. Ìyẹn ní jẹsí, ó ní réfírì, ó sì ní orúkọ tí a kò gbọdọ̀ bà jẹ́.

Principals' Cup, ìdíje bọ́ọ̀lù àwọn ilé-ìwé girama Èkó, la fi ń ka ọdún. Bí ó bá ti ku díẹ̀ kó bẹ̀rẹ̀, tíṣà eré ìdárayá á kọ orúkọ àwọn tí wọ́n mú, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara bọ́ọ̀dù lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì. A máa ń rọ́ síbẹ̀ bí ìgbà tí èsì ìdánwò bá jáde. Orúkọ mìíràn á wà níbẹ̀ tí wọ́n ti fi báírò pupa fa ìlà gba orí rẹ̀ kọjá. Ọmọ náà mọ bọ́ọ̀lù, ìwé rẹ̀ ni kò dára ní táàmù tó kọjá. A máa ń bínú sí ìlà pupa yẹn gan-an. Lónìí, òun ni mo rò pé ó gba ọ̀pọ̀ wa là.

Jẹsí kan náà ni wọ́n ń lò lọ́dọọdún. Bàtà kò kárí, a máa ń yá a lọ́wọ́ ara wa. Ẹni tí ó bá tóbi jù fún á fi bébà dí iwájú rẹ̀. Àwọn kan wà láàrin wa tí bàtà kò bá lára mu rárá. Bí bọ́ọ̀lù bá ti gbóná, wọ́n á bọ́ ọ sọ sẹ́yìn póòsì, wọ́n á máa sá kiri lẹ́sẹ̀ lásán títí réfírì á fi rí wọn. Bí a bá gba ìsinmi, ọsàn àti gúlúkóòsì ni.

Ẹsẹ̀ lásán yẹn, a jogún rẹ̀ ni. Àwọn bàbá wa tó ń ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀fù mọ ìtàn náà dáadáa. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1949, agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà 18 wọ ọkọ̀ ojú omi láti Èkó lọ sí Liverpool. Apapa ni orúkọ ọkọ̀ ọ̀hún. Etim Henshaw ni kápútéènì wọn, Jack Finch tó ti gbá bọ́ọ̀lù fún Fulham ni kóòṣì, Tesilimi Balogun tí wọ́n ń pè ní Thunder sì wà nínú wọn. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́sàn-án ni wọ́n gbá lọ́hùn-ún, ẹsẹ̀ lásán ni ọ̀pọ̀ wọn fi gbá a. Wọ́n na Marine ní Crosby 5-2 lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Nínú mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, wọ́n borí nínú méjì, wọ́n ta ọ̀mì nínú méjì, wọ́n nà wọ́n nínú márùn-ún. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀ wálé, wọ́n yà ní Freetown, wọ́n sì na Sierra Leone 2-0. Ìyẹn ni wọ́n kà sí ìgbà àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà bá orílẹ̀-èdè mìíràn figagbága.

Ṣùgbọ́n àwọn bàbá kan náà tó ń fi ìtàn yìí yangàn ni kò fẹ́ kí ọmọ tiwọn gbá bọ́ọ̀lù. “Ìwọ ọmọ yìí, ṣé bọ́ọ̀lù lo fẹ́ máa jẹ ni?” Nínú ilé kan náà, ìyá Ìlàjẹ, bàbá Ùrhobo, àwọn Ìgbò òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, àwọn Ìjọ̀ ẹ̀yìnkùlé, gbogbo wọn ló ń bá ni wí. Orúkọ ilé-ìwé ló ń tù wọ́n nínú. Bí tíṣà bá wá sílé wá bẹ̀ wọ́n, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn, nítorí ta ni yóò kọ̀ sí tíṣà lẹ́nu?

A máa ń wọ mọlúè láti Boundary, tàbí kí á wọ ọkọ̀ ojú omi láti Àpápá sọdá sí CMS, kí á tó fẹsẹ̀ rìn dé pápá ìṣeré Oníkan. Àwọn ilé-ìwé tí à ń lọ bá gbá fi ọjọ́ orí ju tiwa lọ jìnnà. CMS Grammar School ti wà láti 1859, St. Gregory's láti 1928. Ẹ̀rù wọn ń bà wá, a kò jẹ́ kí wọ́n mọ̀. St. Finbarr's ti Akọka ló fi hàn wá pé ọmọdé lè na àgbà: ọdún 1956 ni Fada Denis Slattery, ọmọ ilẹ̀ Ireland tó jẹ́ réfírì fúnra rẹ̀, dá a sílẹ̀. Ibẹ̀ ni Stephen Keshi àti Henry Nwosu ti jáde. Nwosu wà lára àwọn tó gba Ife Áfíríkà ní Sùúrùlérè ní 1980, ọmọdé ni nígbà náà. Akẹgbẹ́ wa ló gba ife orílẹ̀-èdè! Ọjọ́ yẹn la gbà gbọ́ pé irú ife bẹ́ẹ̀ kò jìnnà sí wa.

Lẹ́yìn náà ni nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Owó oṣù tíṣà kò dé, ìyanṣẹ́lódì ń tẹ̀ lé ìyanṣẹ́lódì, wọ́n ń kọ́ kíláàsì sórí pápá nítorí ọmọ pọ̀. Ìdíje náà dákẹ́ fún ọdún pípẹ́. Bọ́ọ̀lù Ajégúnlẹ̀ kò kú ní tirẹ̀. Orí pápá Maracana àdúgbò wa ló kó lọ, ibẹ̀ ni Odion Ighalo ti kọ́ ọ kó tó dé Watford àti Manchester United. Samson Siasia ti ṣáájú rẹ̀; góòlù tó gbá wọlé Argentina ní 1994, bí wọ́n tilẹ̀ nà wá 2-1, a ṣì ń sọ ọ́ ní Ojo Road dòní. Mo ń fi wọ́n yangàn. Àwọn tí wọn kò dé Watford ni ọkàn mi ń bá lọ, àwọn tó kúrò ní ilé-ìwé ní ọmọ ọdún 14 nítorí pé ẹnì kan ṣèlérí físà fún wọn, tí kò sí ilé-ìwé tó fa ìlà pupa kankan sórí orúkọ wọn.

GTBank àti ìjọba Èkó ti jí Principals' Cup dìde, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn tọkàntọkàn. Ohun tí àwa àgbà Ajégúnlẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀ fún báyìí ni pápá. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ ilé-ìwé Tolu ní Ajégúnlẹ̀ ní ibi tí wọ́n á ti múra sílẹ̀ fún ife náà nínú ọgbà ilé-ìwé wọn, pẹ̀lú tíṣà eré ìdárayá tí ìjọba ń sanwó fún. Bí wọ́n bá fún wọn, àwa náà ti ṣetán láti gbé ọsàn àti gúlúkóòsì wá.